Má Sọ fún Linda pé O Ti Jẹun

Redstone, Calgary
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì

Mọrẹ́nikẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ títí dé ìka ẹsẹ̀,

Inú yàrá tí Gàníyù ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ tuntun tí mo wá bá wọn wẹ̀ ti sùn. Bùsọ́lá ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń ká aṣọ. Snow ti bo gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń kọjá lójú títì, ilé sì dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná.

Ọjọ́bọ̀ ni mo ń padà sí Òṣogbo. Mo mọ̀ pé wàá sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú, a máa sunkún, a ò sì ní rí ọ̀rọ̀ gidi kankan sọ. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí kejì ni pé bí mo bá sọ ọ́ lójúkojú, wàá ní, "Mummy, I'm fine," ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á sì parí sí. Ojú tèmi náà ò sì ṣeé fọkàn tán, ó lè máa sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí ẹnu mi ti ń sọ̀rọ̀. Má bínú bó bá gùn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mi ò ní kíláàsì tí mo lè yọ lẹ́nu mọ́, àfi ìwọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ sọ. O mú mi lọ sí McKenzie Towne kí n lè fojú rí ibi tí o ti rí iṣẹ́ tuntun. A wọ bọ́ọ̀sì, a wọ train, a tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn, títí mo fi bi ọ́ bóyá Calgary náà la ṣì wà. O fi fèrèsé ọ́fíìsì yín hàn mí lókè ṣọ́ọ̀bù, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́. A wá yà síbi tí wọ́n ti ń ta kọfí kí ara wa lè móoru. Ibẹ̀ la ti pàdé Linda, ọ̀gá rẹ.

Mọrẹ́nikẹ́, o tẹ orúnkún fún obìnrin yẹn. Má jiyàn, mo rí ọ. Linda náà rí ọ, ó rò pé nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá ọ wá a nílẹ̀. Mo fẹ́ẹ̀ kú sí ẹ̀rín.

Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní, "You must be Mo's mom! Can I get you something? Coffee? A muffin?"

Mo ní, "No, thank you. I have eaten."

Irọ́ ni mo pa. Tíì lásán ni mo mu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí bọ́ọ̀sì tí a ń lé. Ebi ń pa mí gidi. Mo jókòó jẹ́jẹ́, mo ká ọwọ́ mi sórí itan, mo ń retí kí ó tún fi lọ̀ mí. Linda ní, "Okay!" Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tirẹ̀. Oúnjẹ kékeré yẹn rí róbótó, ó ní èso dúdú nínú, òórùn rẹ̀ sì ń ta sí mi nímú. Mo ń wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ. Ó ní, "How's the PR stuff going, Mo? Anything you need from us?"

Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o rántí ohun tí o ṣe. Kí o tó dá a lóhùn, ojú mi lo kọ́kọ́ wò. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà, pẹ̀lú bí o ti dàgbà tó, ojú mi lo wò. Èmi náà sì ṣẹ́jú sí ọ bí mo ti máa ń ṣe láti kékeré rẹ, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. O sì ní, "Oh no, I'm fine, thank you."

Linda ní, "Perfect!" Ó nu ẹnu, ó dágbére, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú train ni mo ti sọ fún ọ pé o káre, pé ọmọ tí a kọ́ nílé ni ọ́. O rẹ́rìn-ín. Inú àwa méjèèjì dùn.

Mo délé, mo ń fi ọ́ yangàn fún Bùsọ́lá. Aṣọ ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀gá ẹ̀ ti sign fún un ni?"

Mo ní, "Sign kí ni?"

Ó ní, "Ha! Mummy! Wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì níbí o! Tí ẹ bá ti ní ẹ ti yó, they believe you. Ó ti parí nìyẹn."

Ó mú mi jókòó, ó sì là á yé mi. Ó ní Alberta fúnra rẹ̀ ló máa ń yan òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, tí wọ́n nílò níbí, kí ìjọba àpapọ̀ tó fún un ní PR, ìyẹn ìwé tó máa jẹ́ kó lè máa gbé níbí títí. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé àwọn fẹ́ máa bá a ṣiṣẹ́ lọ. Bí Linda ò bá fọwọ́ sí i, ohunkóhun ò lè bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí owó epo ti já wálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sáré lọ síbi kan náà, ẹni tó bá pẹ́ kó tó bọ́ sórí ìlà, ẹ̀yìn pátápátá ló máa wà. Àṣẹ iṣẹ́ tìrẹ sì máa tán kí snow ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá tán, wọ́n á ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí o sì di ẹrù rẹ.

Mo mọ̀ pé kò sí èyí tí o kò mọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀. Ohun tí kò kọ́kọ́ yé mi ni ìdí tí ọmọ tó gbọ́n bíi tìrẹ fi lè dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e wá fún un. Mo ronú, ronú, mo wá rántí ilé Alhaji Múdà.

Ṣé ìwọ náà rántí? Ọdún Iléyá ni, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé. Ìyàwó Alhaji gbé àwo ẹran díndín wá, ó nà án sí ọ. O wo ojú mi, o ní, "Mo ti jẹun, mà, ẹ ṣé." Inú rẹ ń kùn, gbogbo wa la gbọ́. Ó tún nà án sí ọ, o tún wo ojú mi, o tún kọ̀. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó ní òun máa bínú o, mo wolẹ̀. O mọ ìtumọ̀ ìyẹn, o na ọwọ́, o sì jẹ ẹran bí ẹni tí kò rí oúnjẹ rí. Gbogbo ilé ló ń yìn ọ́, wọ́n ń yìn mí.

Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀kọ́ yẹn. Ní Òṣogbo, ó dára, nítorí ẹni tó gbé oúnjẹ wá mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ bẹ àlejò. Ẹ̀bẹ̀ yẹn wà lára oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n Linda ò gbé ilé Alhaji Múdà rí. Ó bi ọ́ tọkàntọkàn, o dá a lóhùn, ó gbà ọ́ gbọ́. Kò ṣẹ̀ ọ́. Tí ó bá tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó máa dà lójú tirẹ̀ bíi pé òun pè ọ́ lónírọ́.

Nítorí náà, ojú tí mo ṣẹ́ sí ọ ní Sátidé, mo gbà á padà. Fi ṣe bí ẹni pé o kò rí i.

Kí o má rò pé oyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, abúlé kan ni wọ́n gbé mi lọ, bàbá rẹ sì wà ní Òṣogbo níbi iṣẹ́ rẹ̀. Alábòójútó ilé-ìwé wá bẹ̀ wá wò. Ó bi mí lójú gbogbo ènìyàn bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún mi. Mo ní, "Rárá sà, a dúpẹ́ sà." Ojú mi ń sọ fún un pé kó gbé mi lọ bá ọkọ mi, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Olùkọ́ tó dúró tì mí ní, "Ilé ọkọ mi jìnnà, sà, ẹ bá mi gbé mi súnmọ́ ọn." Mo wò ó pé aláìnítìjú ni. Kí sáà yẹn tó parí, ó ti wà ní Òṣogbo. Abúlé yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti rá, ibẹ̀ ló ti hu eyín, bàbá yín ò sí níbẹ̀ láti rí i.

Ìwọ náà ti ní irú rẹ̀ rí. Àbí o ti gbàgbé Kwame, ọmọ Ghana tó jókòó tì ọ́ nílé-iṣẹ́ epo tí o ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́? Ọdún kan náà lẹ jọ débẹ̀. Ó bá ọ̀gá yín níbi tó ti ń jẹun ọ̀sán, ó ní kó fọwọ́ sí ti òun. O sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, o ní, "Mummy, ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ tì í," mo sì bá ọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí owó epo já, tí wọ́n fún yín ní páálí kí ẹ kó ẹrù yín jáde, wọ́n fún Kwame náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gba PR. Ó fi ara balẹ̀ wá iṣẹ́. Ìwọ ń wá iṣẹ́ bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, nínú basement yẹn, yàrá abẹ́ ilé tí o háyà ní Castleridge, o dín iná tó ń mú ilé gbóná kù, ò ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè ọ́, o ní o wà dáadáa. Ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ pé o ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó dùn ún wọra, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ọ rí.

Ó yá, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Àkọ́kọ́, tí o bá ti ka lẹ́tà yìí, lọ bá Linda ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Má fi ọ̀rọ̀ yí i ká. Mo mọ̀ ọ́, wàá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òtútù, wàá béèrè ajá rẹ̀, wàá ní kò sí wàhálà, tí ó bá ráyè, tí kò bá ni ín lára. Ó máa gbàgbọ́ pé lóòótọ́ ni kò sí wàhálà. Sọ ọ́ báyìí: "Linda, on Saturday I said I was fine. I am not fine. I need the company to sign for my nomination." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Èmi àti Bùsọ́lá ti dán an wò, òun ló ṣe Linda, èmi ni mo ṣe ìwọ. Ẹnu mi wúwo bí ẹni tó fi òkúta ṣe òkèlè, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tèmi. Ìgbà kẹta ni mo tó lè sọ ọ́ láìfi "please" mẹ́ta sí i. Ìwọ náà lọ fi jígí kọ́ ọ.

Èkejì, orúnkún yẹn. Tọ́jú rẹ̀ de èmi àti àwọn àgbà nílé. Ìwọ àti Linda jọ ń ṣòwò ni, o ń ta ọgbọ́n rẹ fún wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ó níye lórí, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà ọ́ nígbà tí àwọn mìíràn ń lé ènìyàn. Kì í ṣe àánú lo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Dúró ṣánṣán, kí o wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ó lè kọ̀. Mo ń gbàdúrà kó má kọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ní ilé-iṣẹ́ òun ò tíì lágbára tó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má wọ inú basement lọ tilẹ̀kùn. Béèrè níbòmíràn. Ní òótọ́ inú, mo ti máa ń wo Bùsọ́lá pé ó yájú díẹ̀, má sọ fún un. Ìgbà tó sọ bí òun ṣe rí PR tirẹ̀ ni mo yí èrò padà. Ìlú kékeré kan ní Saskatchewan ló ti kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì nílé àwọn arúgbó, ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ẹ̀ gbé ènìyàn lọ, tí kò ti rí ata rodo rà. Ọ̀sẹ̀ tó débẹ̀ ló ti wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó sọ ohun tó fẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ dáadáa títí tó fi fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, àwọn arúgbó ibẹ̀ ṣì ń fi káàdì ránṣẹ́ sí i. Tí ó bá jẹ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ ọ, lọ síbẹ̀. Má sọ fún mi pé o ò lè fi Calgary sílẹ̀ nítorí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Ṣùgbọ́n má purọ́ fún wọn pé o máa dúró tí o bá ti mọ̀ pé o ń lọ. A ti parọ́ tó lórí oúnjẹ.

Ọkùnrin tí wọ́n ní ó ní PR, tó ń pè ọ́ láti McKenzie Towne, mi ò ní sọ púpọ̀. Tí o bá fẹ́ràn rẹ̀, mú un wá kí n rí i. Tí ó bá jẹ́ ìwé rẹ̀ lo fẹ́ràn, jẹ́ kó máa lọ.

Mélòó ni mo tiẹ̀ ti kà dé? Ó yá, gbogbo èyí tó kù, ọ̀kan náà ni. Ọbẹ̀ wà nínú friji Bùsọ́lá fún ọ, mo ti pín in sínú abọ́, wá gbé e. Má jẹ́ kí Gàníyù jẹ ẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ra ìbọsẹ̀ tó nípọn. Máa kírun lákòókò. Tí nǹkan bá ń dùn ọ́, pe ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì sọ fún un pé ó ń dùn ọ́. Ìyá kan náà ló bí yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni mo ti ń yà fún láti òkè lẹ́tà yìí.

Nígbà tí bàbá rẹ kú, ọjọ́ náà la sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Kò sí bí o ṣe lè bá a, mo mọ̀. O pè mí, o ń sunkún, o ní wọ́n ṣì ń tún ìwé rẹ ṣe, bí o bá jáde wọ́n lè má jẹ́ kí o wọlé mọ́. O ní, "Mummy, ṣé kí n wá fún fídáù ọjọ́ kẹjọ?" Mo ní, "Má wá. Mo wà dáadáa. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ mi." O ní ó dáa. Mo gbé fóònù sétí, mi ò tètè gbé e sílẹ̀. Mo ń dúró kí o tún bi mí.

Mi ò fi bá ọ wí. Calgary ti kọ́ ọ láti máa béèrè lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mi ò mọ̀. Bí o bá sì wá lóòótọ́, bóyá gbogbo ohun tí o ti ṣe ni ì bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ fídáù yẹn, mo sún díẹ̀ lórí ẹní, mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní kí obìnrin kan jókòó síbẹ̀, mo ní ẹni kan ń bọ̀. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

O kò tíì rí ibojì bàbá rẹ. Ní gbogbo ìgbà tí o bá bi mí bóyá mo nílò nǹkan, mo máa ń ní rárá, mo ti ní gbogbo nǹkan. Irọ́ ni, irọ́ oúnjẹ náà ni. Ìwọ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí o gba PR yẹn kí o lè wọlé kí o sì jáde láìsí ìbẹ̀rù, kí o wá sílé, kí o jókòó tì mí lórí ẹní. Àárò rẹ ń sọ mí, ó ti pẹ́ tó ti ń sọ mí. Mo ti wá sọ ọ́ jáde báyìí, kò sì pa mí. Ọ̀rọ̀ tìrẹ sí Linda náà ò ní pa ọ́.

Ọjọ́ tí o bá dé Òṣogbo, mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa béèrè. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má wo ojú mi. Sọ fún mi pé ebi ń pa ọ́.

Ìyá rẹ